Nítorí Kí Ni Wọ́n Ṣe Ń Ránṣẹ́ Pè Ọ́?

   Ẹ̀yin téélọ̀ àti onígbàjámọ̀ Òkìtìpupa tí ẹ ń gbọ́ wa lórí rédíò, tí ẹ ṣì wà ní ṣọ́ọ̀bù, tí jẹnẹrétọ̀ ń dún lẹ́yìn yín, ẹ kú ìnáwó epo. Ilé iṣẹ́ tó ń pèsè iná mànàmáná wà ní Ọmọ́tọ́ṣọ̀ọ́, nínú ìjọba ìbílẹ̀ wa níbí, síbẹ̀ ẹ̀yin náà mọ iye ọdún tí ọ̀pọ̀ wa ti fi wà nínú òkùnkùn. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn. Ti òní dá lórí iṣẹ́, àti irú ẹni tí èèyàn jẹ́ nídìí iṣẹ́.

Ìbéèrè kan wà tó máa ń mú àwọn ọmọ wa làágùn níwájú àwọn tó fẹ́ gbà wọ́n síṣẹ́. Kì í ṣe ìbéèrè ìṣirò, kì í sì í ṣe èyí tí wọ́n kọ́ wọn ní kíláàsì. Wọ́n á kàn wò ọ́ lójú, wọ́n á ní, "Ó dáa, sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ fún wa." Ọmọ tó ti fi oṣù kan gbáko múra sílẹ̀ á gbé itọ́ mì. Lẹ́yìn náà ni yóò tú u sílẹ̀: "Orúkọ mi ni Lágbájá. Ọmọ ìjọba ìbílẹ̀ Òkìtìpupa ni mí, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Mo kàwé gboyè ní yunifásítì, mo ti sin ilẹ̀ baba mi. Òṣìṣẹ́ kára ni mí, mo sì lè bá ẹnikẹ́ni ṣiṣẹ́ pọ̀."

Kò sí irọ́ ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta, tó ń dúró kí wọ́n pe òun náà wọlé, ohun kan náà ló ní lẹ́nu. Ẹ yí orúkọ àti ìlú padà, ọ̀rọ̀ parí. Gbogbo ohun tí ọmọ náà kà sílẹ̀ yìí ti wà nínú fáìlì tó wà níwájú ọ̀gá. Ohun tí kò sí nínú fáìlì ni ọ̀gá ń wá. Ó fẹ́ mọ̀ pé, bí mo bá gbà ọ́, kí ni màá máa ránṣẹ́ pè ọ́ fún? Bí iṣẹ́ bá wá le koko, kí ni kò ní jẹ́ kí o sá lọ? Kí sì ni n kò gbọdọ̀ bẹ̀ ọ́ sí láéláé, nítorí pé o kò ní ṣe é?

Láyé àtijọ́, kò sẹ́ni tó ń fi irú ìbéèrè yìí yọ ọmọ Yorùbá lẹ́nu, nítorí orúkọ ti dáhùn ṣáájú. Bí ẹ bá gbọ́ Àyándélé, ẹ mọ̀ pé ìlù ń bẹ nílé wọn. Ọdẹ́wálé, ilé ọdẹ ni. Ọnàfowókàn, ilé àwọn tó ń gbẹ́ igi, tó ń finfin. Ọmọ ọ̀hún kò tíì lè rákò, iṣẹ́ ti wà lórúkọ rẹ̀, èèwọ̀ iṣẹ́ náà ti wà lọ́rùn rẹ̀, àwọn tí yóò sì kọ́ ọ ti jókòó yí ìyá rẹ̀ ká níbi ìkómọ. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, Akin ló gba ìlú kan. Ẹ dúró sí gareji Òkìtìpupa kí ẹ pariwo "Akin!", kí ẹ wá ka iye ọrùn tó máa yí. Akin ni gbogbo wa, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n orúkọ yẹn kò sọ fún ẹnikẹ́ni bóyá mẹkáníìkì lẹni tó ń jẹ́ ẹ tàbí dókítà.

Lónìí, ọmọ onílù ń ṣe akọ̀wé báńkì, ọmọ àgbẹ̀ ń tún kọ̀ǹpútà ṣe, ọmọ bíṣọ́ọ̀bù ń ta aṣọ. Kò burú rárá. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Àmọ́ ohun tí ilé baba máa ń sọ nípa wa tẹ́lẹ̀ ti bọ́ lọ, a kò sì tíì rí ohun tí a máa fi rọ́pò rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí la kó sí àyè rẹ̀. Ìwé ẹ̀rí dára, mo ní tèmi, kò sì sí ẹni tó máa sọ fún mi pé kí n lọ jó o níná. Ohun tí o kọ́ ló wà níbẹ̀. Irú òṣìṣẹ́ tí o jẹ́ kò sí níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká yà sọ́dọ̀ àwọn ìyá wa oní-púpurú, torí ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere níbẹ̀ ju ní ọ́fíìsì lọ. Kò sí ilé tí wọn kò ti mọ púpurú ṣe nílẹ̀ àwa Ìkálẹ̀ àti ti Ìlàjẹ. Wọ́n á bó ẹ̀gẹ́, wọ́n á rẹ ẹ́ sómi fún ọjọ́ mélòó kan títí yóò fi rọ̀. Wọ́n á fa okùn inú rẹ̀ yọ, wọ́n á rọ ọ́ sápò, wọ́n á gbé òkúta lé e kí omi rẹ̀ lè ro dànù. Lẹ́yìn náà wọ́n á mọ ọ́n róbótó róbótó, wọ́n á tò ó sórí àjà, wọ́n á dáná sábẹ́ rẹ̀. Iná yẹn kò gbọdọ̀ jó lala. Ooru àti èéfín ni wọ́n ń wá. Ara púpurú á dú kirikiri, inú rẹ̀ á sì funfun. Bó bá gbẹ tán, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ẹ̀yìn tó jóná kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́.

Gbogbo ìyá tó wà lójú ìlà oní-púpurú lọ́jà ló mọ ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí. Kí ló wá dé tí oníbàárà kan fi máa ń kọjá igbá márùn-ún kó tó dúró lẹ́bàá ìkẹfà? Ẹ bi oníbàárà léèrè. Á ní, "Tìyá yìí kì í kan jù." Ìyẹn ni pé ìyá yìí mọ ọjọ́ tó yẹ kó yọ ẹ̀gẹ́ kúrò nínú omi, kì í dúró kọjá rẹ̀ nítorí pé ó fẹ́ lọ sóde. Oníbàárà mìíràn á ní, "Kò sí èédú nínú tiẹ̀." Ìyẹn ni pé ó ní sùúrù ọ̀bẹ: níbi tí àwọn tó kù ti ń ha á gààràgà, òun á rọra ha á títí funfun yóò fi yọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kíyè sí i. "Mo mọ púpurú ṣe" kọ́ ni agbára ìyá yẹn. Agbára rẹ̀ kéré ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó sì ṣe pàtó: ó mọ àkókò, ọwọ́ rẹ̀ kì í kánjú. Bí wọ́n bá gbé e kúrò nídìí púpurú lọ sí ilé ìwòsàn pé kó máa pín oògùn, nǹkan méjèèjì yẹn yóò bá a lọ.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wa ti ń ṣì í. Bí wọ́n bá ní ká sọ ohun tí a mọ̀ ọ́n ṣe, a máa ń pe orúkọ iṣẹ́: mo mọ ìṣirò owó, mo mọ kọ̀ǹpútà, mo mọ ọkọ̀ wà. Ẹgbàágbèje èèyàn ló mọ ọkọ̀ wà. Awakọ̀ kan wà tó jẹ́ pé òun ni gbogbo ìyàwó tó ti wọ oṣù máa ń bẹ̀ pé kó gbé àwọn lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí ó mọ bí èèyàn ṣe ń gba ojú ọ̀nà wa tó ti bàjẹ́ yìí láìmi ẹni tó wà lẹ́yìn. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí ọ̀ràn ọlọ́pàá bá wà lójú ọ̀nà, òun ni wọ́n ń wá, torí ó mọ ọ̀rọ̀ sọ. Awakọ̀ ni àwọn méjèèjì. Iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wọn kò jọra wọn rárá.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ tirẹ̀? Mi ò gbà pé kéèyàn jókòó sínú yàrá kó máa bi ara rẹ̀ léèrè. Ojú kì í rí ara rẹ̀. Ohun tó sì rọ̀ wá lọ́rùn jù la kì í kà sí nǹkan kan. Lọ bá ẹni mẹ́ta tó ti bá ọ ṣiṣẹ́ rí, kì í ṣe ìyá rẹ, kì í ṣe ẹni tó ń fẹ́ ọ. Bi wọ́n pé, "Irú wàhálà wo ló máa ń ṣẹlẹ̀ tí ẹ fi máa ń rántí mi?" Má ṣe bi wọ́n bóyá o dáa, wọ́n á yìn ọ́, ìyìn kò sì ní kọ́ ọ ní nǹkan kan. Wàhálà ni kí o bi wọ́n. Ẹni tí wọ́n ń rántí nígbà tí ìwé ìṣirò kò bá bára mu yàtọ̀ sí ẹni tí wọ́n ń rántí nígbà tí oníbàárà bá ń bínú.

Ọkùnrin kan wà tó ń jẹ́ Peter Drucker. Ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ni wọ́n ti bí i ní 1909, Amẹ́ríkà ló sì ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ọjọ́ ayé rẹ̀, tó ń kọ̀wé nípa bí wọ́n ṣe ń darí ilé iṣẹ́. Ní 1999, nígbà tó ń sún mọ́ àádọ́rùn-ún ọdún, ó kọ àròkọ kan lórí bí èèyàn ṣe lè darí ara rẹ̀. Ó ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé àwọn mọ ibi tí agbára àwọn wà, irọ́ ni wọ́n sì sábà máa ń pa fún ara wọn. Ọgbọ́n tó ní kí a ta sí i kò gba owó: bí o bá ti fẹ́ ṣe ìpinnu kan tó lágbára, mú ìwé, kọ ohun tí o retí pé yóò tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Ká ní o fẹ́ yá owó ra ẹ̀rọ ìfúnpo, kọ ọ́ sílẹ̀ pé báyìí báyìí ni mo rò pé nǹkan máa rí. Pa ìwé náà mọ́. Lẹ́yìn oṣù 9 sí 12, mú un jáde kí o kà á. Bí o bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún díẹ̀, ìwọ fúnra rẹ yóò rí ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ ti máa ń ṣẹ àti ibi tí o ti máa ń tan ara rẹ jẹ. Àgbẹ̀ tó bá rántí ohun tó gbìn àti ohun tó kórè ti ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n àwa tí a ń wọ ṣòkòtò ọ́fíìsì kì í kọ nǹkan kan sílẹ̀. Bí nǹkan bá dára, a ní orí wa ló ṣe é. Bó bá bàjẹ́, ayé ni.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ìdí tí èèyàn fi ń ṣiṣẹ́. Àwọn oníwàásù ọ̀ràn yìí pọ̀ báyìí, wọ́n á gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n á ní, "Ṣe ohun tí o nífẹ̀ẹ́ sí, má wo ti owó." Èmi kò gbà pẹ̀lú wọn. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó so igbà mọ́ ìdí, tó gun ọ̀pẹ ní ìyálẹ̀ta, tó ń gé ẹyìn fún ẹlòmíràn kí àbúrò rẹ̀ lè san owó ìdánwò WAEC, ìdí tó fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, ìdí tó sì níyì ni. Kí ẹnikẹ́ni má fi owó dójú tì í. Ohun tí mo fẹ́ kí ó ṣe ni kó mọ̀ pé ìdí tòun nìyẹn. Bó bá mọ̀ ọ́n, kò ní fi iṣẹ́ tó ń sanwó sílẹ̀ nítorí pé wọ́n fún un ní orúkọ oyè níbòmíràn tí owó rẹ̀ kò dé. Ọjọ́ tí àbúrò rẹ̀ bá sì jáde níléèwé, yóò mọ̀ pé ìdí yẹn ti parí, àsìkò tó láti wá òmíràn. Ọ̀pọ̀ àgbà tó ń bínú nídìí iṣẹ́ wọn, ìdí tí wọ́n torí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti tán láti ọdún pípẹ́, kò sí ẹni tó sọ fún wọn.

Àmọ́ o, àwọn kan wà tí owó nìkan kò lè ṣàlàyé iṣẹ́ wọn. Ẹ rántí Comfort Ọmọgẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ ti dàgbà díẹ̀, ẹ ti jó orin rẹ̀ níbi ìnáwó. Ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí rẹ́kọ́ọ̀dù rẹ̀ ń jáde, jùjú ló gbòde ní gbogbo ilẹ̀ Yorùbá: Ebenezer Obey ń bẹ ńbẹ̀, Sunny Adé ń bẹ ńbẹ̀, gìtá ń ké lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọjà òun yá nígbà yẹn, ọ̀nà wà nílẹ̀ tó lè tọ̀. Obìnrin yìí kò gba ibẹ̀. Àṣíkò ló mú, ìlù àti ohùn àwọn obìnrin wa, ó sì fi ẹ̀ka èdè tiwa kọ ọ́, pẹ̀lú gbogbo bí a ṣe máa ń gé ọ̀rọ̀ tí àwọn ará Ọ̀yọ́ fi ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Orúkọ tó sì kọ sára rẹ́kọ́ọ̀dù ni Comfort Ọmọgẹ́ àti Àṣíkò Ìkálẹ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó dáadáa. Nínú orúkọ kan ṣoṣo yẹn, ó ti sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, ó ti sọ àwọn tó ń ṣe é fún. Ẹni tó rí rẹ́kọ́ọ̀dù náà nínú ṣọ́ọ̀bù ní Èkó kò nílò kó tún bi í léèrè ta ni ọ́. Àwọn òyìnbó tó ń ṣa rẹ́kọ́ọ̀dù àtijọ́ jọ ti ń wá tirẹ̀ kiri lónìí, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò yé wọn. Mo gbà pé ká ní ó ti gbìyànjú láti jọ gbogbo èèyàn ni, kò ní sẹ́ni tó máa wá a.

Ẹnìkan lè sọ pé olórin nìyẹn, ti wa yàtọ̀. Ó dáa, ẹ jẹ́ ká mú ẹni tó dé ipò gíga. Olúṣẹ́gun Àgágù, tí wọ́n bí ní Ijú-Odò ní 1948. Mo mọ̀ pé bí mo ṣe dárúkọ yìí, àwọn kan ti ń múra láti pe nọ́ńbà wa. Ẹ fara balẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Onímọ̀ nípa ilẹ̀ àti òkúta ni ọkùnrin náà. Ó kọ́ ọ ní yunifásítì Ìbàdàn, ó sì ṣe olùkọ́ níbẹ̀. Ìwádìí tó ṣe nípa ilẹ̀ agbègbè Anambra, àwọn onímọ̀ ṣì ń tọ́ka sí i. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sínú òṣèlú: ó di igbákejì gómìnà, ó di mínísítà ọkọ̀ òfuurufú, ó di mínísítà iná mànàmáná àti irin, ó di gómìnà ìpínlẹ̀ wa ní 2003. Ní oṣù Kejì ọdún 2009, ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Benin ní kó gbé ipò náà fún Olúṣẹ́gun Mímikò. Ọjọ́ kan péré ni ipò fi lọ. Ẹ wá wo ohun tí kò lọ. Nígbà tó wà lórí àléfà, ní 2008, ni wọ́n ṣe òfin tó dá yunifásítì sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀ ẹ̀rọ sílẹ̀ sí Òkìtìpupa níbí. Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì tó di gómìnà, ilé ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ló wá kọ́. Ní 2019, nígbà tó ti di olóògbé, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ràn rẹ̀ àti ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ̀, ẹnu géètì kan náà ni ọmọ wọn ń gbà wọlé lówùúrọ̀. Òṣìṣẹ́ tó ti mọ ẹni tí òun jẹ́ kí ipò tó dé, ohun tó mọ̀ yẹn náà ni yóò fi ipò ṣe.

Ìdí tí mo fi ń tẹ ẹnu mọ́ ọn ni pé ọ̀pọ̀ wa kò ní nǹkan mìíràn ju ipò lọ. Bí ẹ bá bi wọ́n pé kí ni iṣẹ́ yín, wọ́n á ní, "Mo wà ní sẹkitéríàtì." Sẹkitéríàtì kì í ṣe iṣẹ́, ilé ni.

Ìbéèrè kẹta ló le jù, ìyẹn ohun tí èèyàn kò jẹ́ ṣe. Àwọn baba wa ní èèwọ̀ fún gbogbo iṣẹ́, wọn kì í sì í ṣàlàyé rẹ̀ lọ títí. Èèwọ̀ ni, ó parí. Àwa òde òní, a máa ń kọ ọ́ sínú ìwé tí a fi ń wáṣẹ́ pé olóòótọ́ ni wá. Ta ni kì í kọ ọ́? Gbájúẹ̀ gan-an ń kọ ọ́. Ohun tí mo rò ni pé ìlànà tí kò tíì gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ, o kò tíì mọ̀ bóyá o ní in.

Ẹ jẹ́ ká mú un sídìí epo, torí ilẹ̀ epo la wà. Ẹ mọ̀ pé àwọn kan ń da aró sínú epo pupa kó lè pọ́n dẹ̀dẹ̀. Àjọ NAFDAC ti kìlọ̀ nípa rẹ̀ léraléra, nítorí aró aṣọ ni, ewu ni fún ẹni tó bá jẹ ẹ́. Ìyá elépo kan wà lọ́jà tí kò jẹ́ fi ọwọ́ kàn án. Nígbà ọ̀wọ́n epo, tí àwọn tó ń kó lọ sí Èkó bá dé, epo aládùúgbò rẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ rí, torí ó pọ́n ju tirẹ̀ lọ. Ó ń wo ọjà bó ṣe ń lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín pé wọ́n á padà wá sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́la, kí ó sì di olówó. Ó lè rí bẹ́ẹ̀, ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ìyá yẹn lè sọ irú ẹni tí òun jẹ́ nídìí òwò láìfi ẹnu kólòlò, ó sì mọ iye tó san lé e.

Ní ìpínlẹ̀ wa yìí kan náà, ọmọ Ògbàgì Àkókó kan wà, Bámidélé Atúrú. Físíìsì ló kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Adéyẹmí ní Oǹdó. Ní 1988, nígbà tó ń parí ìsìnlú rẹ̀ ní ìpínlẹ̀ Niger, òun ni wọ́n yàn láti gba ẹ̀bùn àgùnbánirọ̀ tó ta yọ. Gómìnà ológun, Lawan Gwadabe, na ọwọ́ sí i kí wọ́n jọ bọwọ́. Kò bọ̀ ọ́. Ó ní òun kò fara mọ́ ìjọba ológun. Ẹ rò ó wò: ọ̀dọ́ tó ń wáṣẹ́, lójú gbogbo ayé, níwájú ọ̀gágun, láyé ológun. Lẹ́yìn náà ló lọ kọ́ nípa òfin ní Ifẹ̀, ó sì di agbẹjọ́rò tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń sá tọ̀ títí tó fi kú ní 2014. Lójú tèmi, kì í ṣe ọjọ́ tí wọ́n pè é sí ẹgbẹ́ amòfin ló di agbẹjọ́rò. Ọjọ́ tó fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn ni. Ìwé òfin kàn wá bá a ńbẹ̀ ni.

Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí, ohun tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe, ìdí tó fi ń ṣe é àti ohun tí kò jẹ́ ṣe, kì í fi gbogbo ìgbà bára wọn mu, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Drucker tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ní àárín àwọn ọdún 1930, báńkì kan ní Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì mọ iṣẹ́ náà dénú. Èèyàn ló jẹ ẹ́ lógún, kì í ṣe dúkìá. Ó fi í sílẹ̀, láìní owó, láìní iṣẹ́ mìíràn, nígbà tí iṣẹ́ wọ́n bí ojú káàkiri ayé. Ẹ má tìtorí ohun tí mo sọ yìí kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ láàárọ̀ ọ̀la o! Bí ọmọ tó ń bẹ̀rẹ̀ bá bi mí, màá ní kó kọ́kọ́ tẹ̀ lé ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe, torí ibẹ̀ ni oúnjẹ wà. Ìdí tó fi ń ṣe é lè yí padà bí ọjọ́ orí ṣe ń gòkè. Èèwọ̀ nìkan ni mi ò ní ní kó fi ṣe dúnàádúrà.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí iwájú àwọn tó fẹ́ gbani síṣẹ́. Ká ní ọmọbìnrin kan ni, tó kàwé nípa oúnjẹ àti bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀, tí ìyá rẹ̀ ń ṣe púpurú. Ká ní ó ti lọ bá ẹni mẹ́ta, ó ti gbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Wọ́n ní kó sọ̀rọ̀ nípa ara rẹ̀. Kò pe orúkọ ìjọba ìbílẹ̀. Ó ní:

"Ẹ̀yin àgbà, mo ti ń bá ìyá mi yan púpurú láti ìgbà tí mo ti wà ní pámárì. Ohun tí wọ́n mọ̀ mí sí ni pé mo máa ń mọ̀ nígbà tí nǹkan bá fẹ́ bàjẹ́ kó tó bàjẹ́. Ní ibi tí mo ti sìnlú, èmi ni wọ́n ní kí n máa ṣọ́ ibi ìkóúnjẹsí. Ó wù mí kí oúnjẹ wa tó ń ti Ìkálẹ̀ lọ sí Èkó dé ibẹ̀ láìbàjẹ́, torí mo ti rí ìyá mi tó ń dà á nù. Mi ò ní fọwọ́ sí i pé oúnjẹ dára bí kò bá dára, bí ọkọ̀ ti wù kó ti dúró níta tó. Ìyẹn lè fa wàhálà láàárín èmi àti àwọn tó ń tajà, mo mọ̀."

Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Bóyá wọ́n á gbà á, bóyá wọn kò ní gbà á. Bí ilé iṣẹ́ kan bá kọ̀ ọ́ nítorí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ó ti mọ̀ nípa ilé iṣẹ́ náà ju bí wọ́n ṣe mọ̀ nípa rẹ̀ lọ, kò sì tíì fi oṣù kan ṣòfò níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí, mo ní ẹ̀bẹ̀ kékeré kan. Bí àlejò bá wá kí yín, tí ọmọ yín tó ti jáde níléèwé bá gbé omi wá, ẹ dẹ́kun àtimáa sọ pé, "Òun nìyí, ó ṣì wà nílé, iṣẹ́ ni a ń wá." Ẹ sọ ohun tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹ ní, "Òun ló bá wa tún ẹ̀rọ omi ṣe." Ẹ ní, "Òun ló ń kọ́ àwọn ọmọ àdúgbò ní ìṣirò nírọ̀lẹ́." Àlejò yẹn ní àbúrò, ó ní ọ̀rẹ́, ó sì ní ẹ̀rọ omi tó bàjẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti fẹ̀yìntì náà, pàápàá ẹ̀yin tísà wa, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Ìjọba gba kọ́kọ́rọ́ ọ́fíìsì lọ́wọ́ yín, wọ́n fún yín ní ìwé. Wọn ò gba ọgbọ́n tí ẹ fi kọ́ ọmọ tí kò mọ̀wé kà fún oṣù mẹ́ta tó sì mọ̀ ọ́n. Àwọn ọmọ tí kò mọ̀wé kà ṣì pọ̀ ní àdúgbò yín. Ẹ lè gbé bẹ́ǹṣì méjì sábẹ́ igi máńgòrò ní ọjọ́ Sátidé kí ẹ wo iye ìyá tó máa mú ọmọ wá, kí ẹ sì gba owó díẹ̀ lé e, ẹ má tijú. Àjẹmọ́nú kì í tètè dé, ẹ̀yin náà mọ̀.

Mo ti rí i tí ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ ń na ìka méjì sókè sí mi. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ní déédéé àkókò yìí, a ó sọ̀rọ̀ nípa owó oṣù: bí èèyàn ṣe ń bá ọ̀gá ná an láìfi ìjà sí i. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ pè nítorí Àgágù tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan, ìlà ti ṣí sílẹ̀ báyìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yí ohùn rédíò yín wálẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀.